Ìwúwo mólékù bá ti dichlorvos mu: ṣé mo lè kọ ọ́ pé òun ló wà nínú èlùbọ́ Bódìjà?

Ọmọ_Agbowó (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Iṣẹ́ àṣekágbá másítà mi dá lórí oògùn kòkòrò nínú oúnjẹ gbígbẹ. Mo ra ẹ̀wà mẹ́ta àti èlùbọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọjà Bódìjà. Èmi fúnra mi ni mo lọ̀ wọ́n, tí mo fi acetonitrile (omi kẹ́míkà kan) fa ohun tó wà nínú wọn jáde. Mo wá sanwó fún lábù kan níta kí wọ́n bá mi gbé e sórí mass spectrometer tí resolution rẹ̀ (agbára láti ya àwọn ìwúwo tó sún mọ́ra sọ́tọ̀) ga, irú èyí tó ń ka ìwúwo mólékù dé nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn pọ́ìntì.

Èsì dé ní Mọ́ńdè. Fáìlì Excel kan ṣoṣo ni, iye ìlà inú rẹ̀ jẹ́ 412. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kẹ́míkà, ìwúwo tí ẹ̀rọ kà, àti bó ṣe yàtọ̀ sí ìwúwo tó yẹ kó jẹ́, ní ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù). Ìlà 37 ló dá mi dúró: dichlorvos, oògùn kòkòrò kan, 220.9536, ìyàtọ̀ 1.8 ppm. Wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀wà kan àti èlùbọ́ méjì.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n kọ ọ́ sí orí kẹrin pé a rí dichlorvos, torí pé ìyàtọ̀ náà kò tó 5 ppm. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi kàn kọ̀ ni. Mo mọ ojú àwọn ìyá yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ta èlùbọ́ fún mi fi ènì rẹpẹtẹ lé e nígbà tó gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ṣé 1.8 ppm tó láti fi pe nǹkan lórúkọ?

---

Fìsíìsì_Ni_Mí

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. 1.8 ppm kéré púpọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ yìí lówó gọbọi nìyẹn.

Jẹ́ kí n fi èyí tó rọrùn jù ṣàlàyé fún àwọn tó ń kà á. Carbon monoxide, nitrogen àti ethylene, ẹ̀rọ àtijọ́ á ka gbogbo wọn sí 28. Wọn ò ní yàtọ̀ síra rárá. Ṣùgbọ́n ìwúwo átọ́ọ̀mù kì í ṣe nọ́ńbà pípé: CO jẹ́ 27.9949, N2 jẹ́ 28.0061, C2H4 sì jẹ́ 28.0313. Ẹ̀rọ tí resolution rẹ̀ ga á yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere. Ìwúwo tó péye dà bí ìtẹ̀ka, kálukú ló ní tirẹ̀.

Bí ọkàn rẹ ò bá sì balẹ̀ síbẹ̀, wá ẹni tó ní FT-ICR, irú mass spectrometer kan tó lágbára gan-an. Resolution tiyẹn lè kọjá mílíọ̀nù kan. Kò sí ohun tó máa ṣì ọ́ lọ́nà níbẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n_Lábù

Ọmọ Agbowó, ó dùn mọ́ mi pé o béèrè kí o tó kọ ọ́. Odindi ogún ọdún ni mo fi jókòó ti ẹ̀rọ yìí, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Àpẹẹrẹ gáàsì mẹ́ta tí Fìsíìsì mú wá, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni wọ́n, o sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mẹ́ta ni wọ́n. Èlùbọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣu tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n sá sórí àpáta tàbí ẹ̀bá títì, tó gba eruku àti èéfín mọ́tò, tí olú lè ti hù lára rẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́: ẹgbẹẹgbẹ̀rún mólékù ló ń wọnú ẹ̀rọ pọ̀. Ìtẹ̀ka kọ́ ni ìwúwo. Ẹni méjì lè wúwo bákan náà láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn tan.

Wo ohun tí 5 ppm jẹ́. Fọ́múlà dichlorvos ni C4H7Cl2O4P. Bó bá gba proton kan, 220.9532 ni ẹ̀rọ yẹ kó kà. 5 ppm níbẹ̀ jẹ́ 0.0011. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá bọ́ sáàárín 220.9521 àti 220.9543, sọ́fútíwíà á lẹ orúkọ dichlorvos mọ́ ọn, bí orúkọ náà bá ti wà nínú àkójọ tí wọ́n fún un. Bí àkójọ náà bá kún fún oògùn kòkòrò nìkan, gbogbo ohun tó bá rí ló máa di oògùn kòkòrò.

Lọ́dún 2006, Tobias Kind àti Oliver Fiehn fi ìṣirò hàn pé ẹ̀rọ tí àṣìṣe rẹ̀ kò tó 1 ppm pàápàá kò lè fi ìwúwo nìkan mú fọ́múlà kan ṣoṣo jáde bí mólékù bá ti ń tóbi. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé ẹ̀rọ tó ń ṣì ní 3 ppm, tó ka ìwọ̀n áísótóòpù (átọ́ọ̀mù irú kan náà tí ìwúwo wọn yàtọ̀) dáadáa, sàn ju ẹ̀rọ 0.1 ppm tí kò wo áísótóòpù rárá. Ẹlẹ́rìí kejì níye lórí ju kí a máa pọ́n ojú ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lọ. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́: agbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Bí o bá tilẹ̀ wá mú fọ́múlà náà, fọ́múlà kì í ṣe kẹ́míkà. Àpẹẹrẹ kan rèé tó kan ọ gan-an. Oògùn kòkòrò mìíràn wà tó ń jẹ́ trichlorfon. Bó bá gba proton, 256.9299 ni. Kò lágbára tó: ooru àti iná tó ń sọ ọ́ di áyọ̀nù (mólékù tó ní iná lára, tí ẹ̀rọ lè kà) lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ lè já HCl kúrò lára rẹ̀. Ohun tó kù ń jẹ́ 220.9532. Áyọ̀nù dichlorvos gan-an ni, fọ́múlà kan náà délẹ̀délẹ̀. Resolution mílíọ̀nù kan, mílíọ̀nù mẹ́wàá, kò lè yà wọ́n. Àsìkò tí wọ́n jáde nínú kọ́lọ́ọ̀mù (ọ̀pá tó ń ya àwọn mólékù síra kí wọ́n tó wọnú ẹ̀rọ) nìkan ló máa tú àṣírí rẹ̀, nítorí trichlorfon ti jáde kúrò níbẹ̀ ní àsìkò tirẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà tó ti fọ́.

Fáìlì Excel kọ́ ni èsì. Padà sọ́dọ̀ lábù yẹn, ìwọ lo sanwó, ní kí wọ́n fún ọ ní dátà gangan. Kí o wá wò ó bóyá chlorine méjì hàn lára rẹ̀, bóyá ẹ̀rọ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ àti ohun tó já jáde, ìṣẹ́jú wo ló jáde. Kí o sì sọ fún wa bóyá o ṣe blank, ìyẹn sáńpù tí kò ní oúnjẹ kankan nínú.

---

ỌmọOníẹ̀wà

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa.

Ẹ̀wà ni màmá mi ń tà ní Bódìjà, òun ló fi rán àwa mẹ́rin lọ sílé ìwé. Lọ́dún 2015, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, dichlorvos ni wọ́n rí nínú rẹ̀: 0.03 dé 4.6 míligíráàmù nínú kílò kan, nígbà tó jẹ́ pé 0.01 ni wọ́n fàyè gbà. Màmá mi ò kó ẹ̀wà lọ sí Yúróòpù rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn oníbàárà tí wọ́n ti ń rà á láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ìsọ̀ wa láìyà.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń da oògùn sí oúnjẹ o. Mo ti rí i rí pẹ̀lú ojú mi. Wọ́n tú àpò kan lójú wa, òórùn rẹ̀ ta sí wa nímú kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀wà inú rẹ̀, ojú mi ń ta mí títí di alẹ́. Màmá mi dá àpò yẹn padà, ẹni tó kó o wá sì bínú. Lọ́dún 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré 100ml rẹ̀ lọ́jà mọ́, inú wa dùn sí i. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀wà ti gba oògùn níbi tí wọ́n ti kó o jọ, kó tó wọ ọkọ̀ wá sí Ìbàdàn. Ìyá tó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún yín lè má mọ nǹkan kan.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ òótọ́.

---

Fìsíìsì_Ni_Mí

> Resolution mílíọ̀nù kan, mílíọ̀nù mẹ́wàá, kò lè yà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti trichlorfon, ó yé mi. Àmọ́ ọ̀nà àlùmọ̀kọ́rọ́yí nìyẹn, kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú iṣẹ́ gidi, ṣé resolution kọ́ ló ń gbà wá ni?

---

Apoògùn_Dùgbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bá Ẹ̀gbọ́n dá èyí lóhùn, kí n sì bi Ọmọ Agbowó léèrè nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ ojoojúmọ́ wà nínú oúnjẹ wa. Aflatoxin, májèlé tí olú ń pèsè sínú ẹ̀pà, àgbàdo àti èlùbọ́ tí kò gbẹ dáadáa. Aflatoxin G1 jẹ́ C17H12O7. Aflatoxin M1, èyí tí a sábà ń wá nínú wàrà màálù tó jẹ oúnjẹ olólùú, òun náà jẹ́ C17H12O7. Méjèèjì jẹ́ 329.0656 bí wọ́n bá gba proton. Kò sí FT-ICR tó máa yà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ́ wọn, G1 á fún yín ní 243, M1 á fún yín ní 273. Wọn kì í sì í jáde nínú kọ́lọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Agbowó, ṣé aflatoxin wà láàárín gbogbo ìlà 412 yẹn? Kí ni wọ́n pè é?

---

Ọmọ_Agbowó

Ara mi bù máṣọ. Ìlà 201: "aflatoxin M1", nínú èlùbọ́ kejì. Èlùbọ́ o! Kò sí wàrà kankan níbẹ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà sí lábù náà pé kí wọ́n fún mi ní dátà. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ti blank, mo ṣe é: mo mú acetonitrile nìkan gba gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀wà àti èlùbọ́ gbà. Àmọ́ mi ò fi ránṣẹ́, torí iye sáńpù ni wọ́n ń gba owó lé, owó ti tán lọ́wọ́ mi. Ó ṣì wà nínú fìríìsà.

---

Apoògùn_Dùgbẹ̀

Fi ránṣẹ́, àbúrò, kódà bó bá gba pé kí o yáwó. Ìdí ni pé dichlorvos ni ọ̀pọ̀ ilé ń fín sí ẹ̀fọn àti aáyán nílùú yìí. Ó máa ń fò sínú afẹ́fẹ́ kíákíá. Bí ẹnikẹ́ni bá fín in sí yàrá tí o ti ṣiṣẹ́, tàbí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lè ti wọnú ohun èlò rẹ. Nígbà náà, ẹ̀rọ á sọ òótọ́ pé dichlorvos ni, ìwọ á sì fi òótọ́ yẹn purọ́ mọ́ ẹlẹ́wà.

---

Ẹ̀gbọ́n_Lábù

Apoògùn, o ṣeun. Ìyẹn gan-an ni.

Fìsíìsì, mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo fojú di resolution. Ó ń gbà wá lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń gbà wá. Ní ìwúwo 221, bí resolution bá jẹ́ 10,000, peak kan (ṣóńṣó tí mólékù yọ lórí àwòrán èsì) á fẹ̀ tó 0.022. Bó bá jẹ́ 70,000, á jẹ́ nǹkan bíi 0.003. Jẹ́ ká sọ pé dichlorvos díẹ̀ wà lóòótọ́, mólékù mìíràn látinú ẹ̀wà sì jáde pẹ̀lú rẹ̀ ní 220.962. Ní 10,000, méjèèjì á dà pọ̀ di peak kan, ẹ̀rọ á sì ka àárín rẹ̀ fún ọ. Nọ́ńbà náà á sún kúrò nínú 5 ppm, sọ́fútíwíà á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Oògùn wà nínú ẹ̀wà, ìwé ní kò sí. Ní 70,000, wọ́n á pínyà.

Ibi tí agbára resolution wà nìyẹn: ó ń ya àwọn tí fọ́múlà wọn yàtọ̀. Àwọn tí fọ́múlà wọn jọra, iṣẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù àti iṣẹ́ fífọ́ mólékù ni. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì máa ṣìnà.

Èyí ló fà á tí ìlànà Yúróòpù fún oògùn kòkòrò nínú oúnjẹ kò fi dúró lórí 5 ppm nìkan. Wọ́n ní ó kéré tán áyọ̀nù méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tó já lára mólékù náà. Kí àwọn méjèèjì jáde pọ̀. Kí àsìkò ìjáde má fi ju 0.1 ìṣẹ́jú yàtọ̀ sí ti standard, ìyẹn ojúlówó kẹ́míkà náà tí a ti mọ̀ dájú. Ọ̀gá rẹ gba 5 ppm nínú ìlànà náà, ó fi ìyókù sílẹ̀. Má fìwọ̀sí kàn án o, fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un.

---

Ọmọ_Agbowó

Dátà ti dé. Mo jókòó tì í láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí iná fi lọ ní aago kan òru.

Ohun àkọ́kọ́: 220.9536 yẹn kò sí níbikíbi! Lábù náà pa sáńpù mẹ́ta pọ̀, wọ́n wá mú àárín. Ẹ̀wà jẹ́ 220.9530. Èlùbọ́ méjèèjì jẹ́ 220.9539. Ìyẹn ni pé ẹ̀wà fi 0.9 ppm wà nísàlẹ̀, èlùbọ́ fi 3.2 ppm wà lókè. Wọ́n pa wọ́n pọ̀, ó sì di 1.8 tó rẹwà lójú.

Mo wá lọ wo chlorine gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n ṣe. Nínú ẹ̀wà, 220.953 wà, 222.950 wà níwájú rẹ̀, 224.947 sì wà. Bí mo bá pe àkọ́kọ́ ní 100, èkejì jẹ́ 63, ẹ̀kẹta jẹ́ 11.

Nínú èlùbọ́, peak náà ga ju ti ẹ̀wà lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ní 222.950, kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ gbalasa. Mo sún un mọ́ ojú, mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, òfìfo ni.

---

Ẹ̀gbọ́n_Lábù

Èlùbọ́ ti bọ́. Chlorine kan nínú mẹ́rin ló máa ń wúwo ju ìyókù lọ, bó ṣe wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ títí dé oògùn kòkòrò. Ohun tó bá ní chlorine méjì gbọ́dọ̀ fún ọ ní nǹkan bíi 100, 64, 10, pẹ̀lú ìyàtọ̀ 1.997 láàárín wọn. Ti ẹ̀wà rẹ wọlé síbẹ̀ wẹ́kú. Peak tó ga ní ìlọ́po mẹ́rin tí kò ní ìkejì, kò ní chlorine. Ohunkóhun tó bá jẹ́, kì í ṣe dichlorvos.

Kí ni fífọ́ ẹ̀wà fi hàn?

---

Ọmọ_Agbowó

109.0050 àti 127.0154. Mo ṣírò wọn fúnra mi: C2H6O3P yẹ kó jẹ́ 109.0049, C2H8O4P yẹ kó jẹ́ 127.0155. Ní ìṣẹ́jú 6.43. Mo tún wá 256.930 ti trichlorfon ní gbogbo àsìkò, kò sí níbẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n_Lábù

O káre láé. Lọ́dún 2014, Emma Schymanski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìpele márùn-ún kalẹ̀ fún bí ọkàn ẹni ṣe lè balẹ̀ tó lórí orúkọ tó fún nǹkan. Ìpele 5 ni pé o ní ìwúwo nìkan. Ìpele 4, fọ́múlà dájú. Ìpele 3, o ní ẹ̀yà ìrísí díẹ̀ lọ́wọ́ tí o kò tíì lè yan ọ̀kan. Ìpele 2, ìrísí kan ló ṣeé ṣe jù. Ìpele 1, o gbé standard gidi sórí ẹ̀rọ kan náà, wọ́n sì bá ara wọn mu. Fáìlì Excel rẹ, pẹ̀lú gbogbo ìlà 412 yẹn, ìpele 5 ni. Ẹ̀wà ti dé ìpele 2. Standard dichlorvos ló kù.

---

Fìsíìsì_Ni_Mí

Mo tẹ́wọ́ gbà. Ọmọ Agbowó, mo ní kí o fọkàn balẹ̀ níjọ́sí, má bínú. Bí o bá gbọ́ tèmi ni, orúkọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ méjì ì bá ti bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní standard dichlorvos ní ilé iṣẹ́ wọn lọ́nà Mọ́níyà. Mo máa bá ọ gbà á, mo sì máa san owó blank rẹ.

---

Ọmọ_Agbowó

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Standard jáde ní ìṣẹ́jú 6.41. Ẹ̀wà, 6.43. 109 àti 127 wà nínú méjèèjì, ìwọ̀n ọ̀kan sí èkejì jọra. Blank mọ́ tónítóní. Fìsíìsì, Ọlọ́run á bù sí ibi tí ẹ ti mú un.

Ìlà 201 náà ti yanjú: wọ́n fọ́ 329.0656, 243 ló jáde, 273 kò sí. Ó jọ G1 ju M1 lọ, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé mi ò tíì ní standard rẹ̀.

Ọ̀gá mi ka gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n yọ ìlà tó kù kúrò, àyàfi èyí tí mo bá lè dúró tì. Ohun tí mo kọ sí orí kẹrin rèé: "A rí dichlorvos nínú sáńpù ẹ̀wà kan nínú mẹ́ta, a sì fi standard fìdí rẹ̀ múlẹ̀. A kò rí i nínú èlùbọ́." Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

---

Ẹ̀gbọ́n_Lábù

Ó dára. Ṣùgbọ́n fi gbólóhùn kan kún un. Ṣé o fi nitrogen fẹ́ omi acetonitrile yẹn gbẹ?

---

Ọmọ_Agbowó

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Títí ó fi gbẹ táútáú.

---

Ẹ̀gbọ́n_Lábù

Dichlorvos á ti bá a fò lọ lára rẹ̀. Nítorí náà, kọ ọ́ pé èyí tí o kò rí lè ti sọ nù lójú ọ̀nà, pé o kò sọ pé ẹ̀wà méjì yòókù àti èlùbọ́ mọ́. Má kọ iye tó wà nínú ẹ̀wà àkọ́kọ́ náà, orúkọ nìkan lo fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí o bá máa tún un ṣe, má jẹ́ kó gbẹ tán.

---

ỌmọOníẹ̀wà

Àǹtí, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá mi lálẹ́ àná, wọ́n ní kí n bá wọn kí yín.

Wọ́n ní ìyá tí ẹ ra ẹ̀wà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọkọ̀ tó gbé e wá, torí àpò ní àmì. Bí ẹ bá máa tún sáńpù gbà, ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọkọ̀ ẹ̀wà máa ń jálẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Màmá mi á mú yín lọ bá àwọn tó ń já a. Ẹ ó lè bu láti inú àpò tí wọn ò tíì tú, kí ẹnikẹ́ni ní Bódìjà tó fọwọ́ kàn án. Ẹ kàn ní kí n sọ Sátidé wo fún wọn.